Orí Keje: Fífi Gírédíẹ́ǹtì Kun Àwòrán Lórí Kọ̀ǹpútà àti Títún Un Ṣe

Ẹni tí ó bá gba títì Fate kọjá ní Ìlọrin Àfọ̀njá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn tí ó fẹ́ gbéyàwó, àwọn tí ó fẹ́ ṣe wòlímọ̀ Àlùkùránì àti àwọn tí ó fẹ́ ṣílé ń sáré àtigba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ atẹ̀wé kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́, yóò ṣàkíyèsí pé ó ṣọ̀wọ́n kí báńà kan jáde lẹ́nu ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọ̀ kan ṣoṣo láti òkè dé ilẹ̀. Àwọ̀ ewé yóò bẹ̀rẹ̀ lókè, yóò máa ṣí lọ díẹ̀díẹ̀, yóò sì parí sí funfun nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ orúkọ ìyàwó sí. Tàbí kí wúrà máa tàn láàárín lẹ́tà, kí ó sì ṣókùnkùn létí. Èyí ni à ń pè ní gírédíẹ́ǹtì, èyíinì ni kíkun nǹkan lọ́nà tí àwọ̀ kan yóò fi máa yọ́ wọnú àwọ̀ mìíràn láìsí ààlà tí ènìyàn lè nàka sí. Orí yìí yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń fi í sára àwòrán àti bí a ṣe ń tún un ṣe nígbà tí kò bá rí bí a ti fẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá, mo fẹ́ kí ó ti yé wa pé ìpẹ̀kun méjèèjì kọ́ ni iṣẹ́ wà, àárín ni. Ẹnikẹ́ni ló lè yan pupa kí ó sì yan ewé; ohun tí pupa ń dà kí ó tó di ewé ni a fi ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ-iṣẹ́.

Àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà kò tíì pẹ́ láyé. Ní 1987 ni ilé-iṣẹ́ Adobe ní Amẹ́ríkà gbé Illustrator jáde fún kọ̀ǹpútà Macintosh. Ní 1989 ni ilé-iṣẹ́ Corel tí ó wà ní ìlú Ottawa ní Kánádà gbé CorelDRAW tirẹ̀ jáde, òun ni ó sì gba ìgboro láàárín àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ wa. Inkscape, tí a kì í san kọ́bọ̀ lé lórí, dé ní 2003, ó sì yẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí owó àṣẹ kò tíì sí lápò rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ohun-èlò yìí yàtọ̀, nítorí CorelDRAW ń pè é ní fountain fill, àwọn méjì yòókù ń pè é ní gradient. Síbẹ̀ bọ́tìnì G ni ó ń gbé e síni lọ́wọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan dénú kò ní sọnù nínú èkejì.

Kọ̀ǹpútà kò mọ pupa, kò sì mọ ewé. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ló para pọ̀ di gbogbo àwọ̀ tí a ń rí lójú gíláàsì rẹ̀, pupa, ewé àti búlúù, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní òǹkà láti 0, tí í ṣe òkùnkùn, títí dé 255, tí í ṣe ìmọ́lẹ̀ tó kún. Nígbà tí a bá fi ojúkò kan lélẹ̀ fún àwọ̀ kìn-ín-ní, tí a sì fi òmíràn lélẹ̀ fún èkejì, ẹ̀rọ yóò ka nọ́ńbà tí ó wà ní ojúkò méjèèjì, yóò sì pín ìyàtọ̀ wọn sí ìgbésẹ̀ kéékèèké. Aláró ìgbà ìwáṣẹ̀ náà kì í sọ aṣọ di dúdú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: a rì í bọnú ìkòkò, a sá a kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a tún rì í, díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, títí òwú funfun yóò fi dú bí ẹtù. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé aláró ń fojú wo aṣọ rẹ̀ láàárín rírì kan àti òmíràn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lójú. Bí ìgbésẹ̀ àárín bá burú, kò mọ̀, àfi kí ayàwòrán mọ̀ fún un.

Ọ̀nà fífi í sílẹ̀ kò gba àkókò. A ó ya ohun tí a fẹ́ kùn, a ó yàn án, a ó tẹ G, a ó di máòsì mú ní ibi tí a fẹ́ kí àwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì fà á lọ síbi tí a fẹ́ kí ó parí. Ìlà kan yóò hàn lórí àwòrán náà, ojúkò kan ní orí rẹ̀, ojúkò kan ní ìdí rẹ̀. Ibi tí ìlà bá kọjú sí ni àwọ̀ ń ṣàn lọ. Bí ìlà bá kúrú, ìyípadà á yá kánkán. Bí ó bá gùn, á fara balẹ̀. Nínú CorelDRAW, a lè tẹ orí ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì kí ojúkò tuntun hù níbẹ̀, a sì lè tẹ F11 kí fèrèsé ńlá ṣí níbi tí gbogbo nọ́ńbà wà. Nínú Illustrator, Ctrl àti F9 ló ń ṣí fèrèsé tirẹ̀. Láàárín ojúkò méjì, àmì kékeré kan tún wà tí a lè tì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Òun ni ó ń sọ ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ọmọ-iṣẹ́ ń lo ọdún méjì nídìí ẹ̀rọ láìfọwọ́ kan àmì yìí rí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni okùn ìjánu gírédíẹ́ǹtì.

Oríṣi tí ó ń ṣàn lọ́ọ́rọ́ọ́ ni a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Èyí tí ó ń yí àárín kan ká kí ó tó tàn lọ sí etí ni a ń lò fún ohun tó bá rí roboto, àwọn ẹ̀rọ mìíràn sì ní èyí tí ń yí po bí ọwọ́ aago àti èyí tí ó ní igun mẹ́rin. Illustrator fi oríṣi kan kún un ní 2018, tí a lè fi ojúkò síbi tó bá wù wá lórí àwòrán láìtẹ̀lé ìlà kankan. Mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ lórí èyí tó rí roboto, nítorí òun ni ó máa ń tú àṣírí ẹni tí kò mọ ìmọ́lẹ̀.

Kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí Ìlọrin kì í ṣe àjèjì sí ìlẹ̀kẹ̀. Ní ayé àtijọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà a máa gbẹ́ òkúta pupa tí à ń pè ní lántànà, wọn a lu ihò sí i, wọn a máa lọ̀ ọ́ títí yóò fi dán bí ojú omi, àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Yorùbá a sì fi í sọ́rùn. Bí a bá fẹ́ ya ẹyọ kan nínú rẹ̀, a ó ya òbírípo, a ó fi gírédíẹ́ǹtì roboto sí i, a ó sì gbé àárín rẹ̀ kúrò ní àárín òbírípo lọ sí apá òsì lókè, nítorí àtòkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ojúkò kìn-ín-ní, ní 0%, kí ó jẹ́ pupa tó ṣí gan-an, bíi 255, 170, 150. Kí ó má ṣe jẹ́ funfun, nítorí funfun níbẹ̀ á sọ òkúta di róbà. Ní 35%, kí a fi pupa gidi sí i, bíi 200, 40, 20. Ní 85%, kí a fi èyí tó ṣókùnkùn sí i, bíi 90, 10, 5. Ibí ni ọ̀pọ̀ ń dúró sí, tí wọ́n á jẹ́ kí òkùnkùn náà dé etí pátápátá, tí ìlẹ̀kẹ̀ á sì dà bí ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú bébà. Ojúkò kan ṣì kù: ní 100% gan-an, kí àwọ̀ tún ṣí padà díẹ̀, bíi 130, 35, 20. Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ tó sì ta padà láti ara aṣọ tàbí àyà tí ìlẹ̀kẹ̀ náà gbé ni a fi ojúkò kẹrin yìí yà, òun ni ó sì ń sọ fún ojú pé nǹkan náà ní ẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí, a ó ya òbírípo kékeré funfun sí apá òsì lókè, a ó sì jẹ́ kí ó yọ́ lọ sí àìríran ní etí rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kò ti inú kọ̀ǹpútà wá. Aina Onabolu, tí a bí ní 1882, tí ó sì jà fitafita kí a tó máa kọ́ ọmọ wa ní àwòrán yíyà nílé-ẹ̀kọ́, ti mọ̀ ọ́n kí iná mànàmáná tó wọ ọ̀pọ̀ ìlú wa. Ẹni tí ó bá rí àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage tí ó yà ní 1906 kí ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà dáadáa, kí ó wo bí òjìji ti ń rọra gòkè wá bá ìmọ́lẹ̀, kí ó tó padà wá sídìí máòsì.

Bí a bá wá sín ìlẹ̀kẹ̀ púpọ̀ sórí okùn kan, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gba ìmọ́lẹ̀ láti apá kan náà, nítorí ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá yí ẹ̀dà ìlẹ̀kẹ̀ kan po kí ó lè bá etí okùn mu yóò rí i pé ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ ti yí pẹ̀lú rẹ̀, tí oòrùn á sì dà bí ẹni tó ń yọ ní ìwọ̀-oòrùn fún èyí, tó ń yọ ní ìsàlẹ̀ fún ìyẹn. Kí a máa padà gbé ojúkò kìn-ín-ní sí ipò rẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó wá kan àárín tí mo ti ń dárúkọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi búlúù tó kún, èyí tí í ṣe 0, 0, 255, sí ìpẹ̀kun kan, kí ó sì fi ìyeyè tó kún, 255, 255, 0, sí ìkejì. Àwọ̀ méjèèjì ń dán, méjèèjì ń pe ojú. Ṣùgbọ́n ní agbedeméjì wọn ni 128, 128, 128 wà, èyí tí í ṣe eérú lásán. Àṣìṣe ẹ̀rọ kọ́ o. Ó fi ìṣirò rẹ̀ ṣe é déédéé: ìdajì 255 àti òfo jẹ́ bíi 128, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì dọ́gba, àwọ̀ kò sí mọ́. Pupa àti ewé kì í ṣe eérú, ṣùgbọ́n 128, 128, 0 tí wọ́n ń dà láàárín jẹ́ àwọ̀ ẹrẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ sì pọ̀ lára káàdì ọjọ́ ìbí ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá dá yóò ti rí i pé bí àwọ̀ méjì bá ṣe jìnnà síra tó ní ti ìran wọn ni ẹrẹ̀ àárín wọn ṣe ń pọ̀ tó.

Ìwòsàn rẹ̀ ni kí a má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ dá yan àárín. A ó fi ojúkò kẹta sí 50%, a ó sì fún un ní àwọ̀ tí ó bá ìran méjèèjì tan: láàárín pupa àti ewé, ìyeyè bíi 255, 210, 0, láàárín búlúù àti ìyeyè, ewé tútù bíi 0, 180, 120, tàbí, bí a bá fẹ́ ojú sánmà ìrọ̀lẹ́, kí a gba ọ̀nà kejì, kí a fi pupa tó ṣí àti àwọ̀ ọsàn ṣe afárá. CorelDRAW ní ìrànwọ́ mìíràn, nítorí ó lè mú àwọ̀ rìn yí àgbá àwọ̀ ká, bóyá sọ́tùn-ún bóyá sósì, dípò kí ó gba àárín gbùngbùn àgbá náà kọjá, níbi tí eérú ń gbé. Mo fẹ́ràn fífi ọwọ́ fi ojúkò sílẹ̀ ju èyí lọ, nítorí ìyíká náà a máa mú àlejò tí a kò pè wá, tí ènìyàn á fẹ́ lọ láti ewé sí búlúù, tí gbogbo òṣùmàrè á sì tẹ̀ lé e wọlé.

Iṣẹ́ atúnṣe pọ̀ jù lọ lórí lẹ́tà àti lórí wúrà. Oníbàárà kò ní bá ayàwòrán sọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Àlàájà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe wòlímọ̀ yóò dúró lẹ́yìn àga, yóò ní, “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí ó dán dáadáa o, ti ọ̀rẹ́ mi dán ju báyìí lọ.” Ọmọ-iṣẹ́ á dáhùn pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Àlàájà,” á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyeyè lé ìyeyè. Bẹ́ẹ̀, dídán kì í ti inú ọ̀pọ̀ àwọ̀ wá. Inú ìsúnmọ́ra ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni ó ti ń wá. Irin tó dán a máa lọ láti àwọ̀ ilẹ̀ tó dú, sí wúrà, sí funfun tó pọ́n díẹ̀, kí ó sì já bọ́ padà sínú òkùnkùn lójijì. Bí ojúkò funfun bá wà ní 45%, kí ti òkùnkùn tó tẹ̀ lé e má kọjá 55%. Bí a bá fa àwọn méjì yìí jìnnà síra, wúrà á di ẹ̀kọ gbígbóná.

Ní ti lẹ́tà, Illustrator kì í gba gírédíẹ́ǹtì sára ọ̀rọ̀ tí a ṣì lè tẹ̀ bí kò ṣe pé a gba ọ̀nà fèrèsé Appearance fún un ní kíkùn tuntun. Ọ̀pọ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán kí ó tó gbà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan a gba gírédíẹ́ǹtì tirẹ̀, tí àwọ̀ kan náà á máa bẹ̀rẹ̀ tí á máa parí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fẹ́ kí àwọ̀ ṣàn láti orí ọ̀rọ̀ dé ìdí rẹ̀, a ní láti so gbogbo lẹ́tà pọ̀ di ohun kan pẹ̀lú Ctrl àti 8 kí a tó fa ìlà. Àwa tí ń kọ Yorùbá ní ìdí pàtàkì láti rántí èyí. Nínú orúkọ bíi ÀFỌ̀NJÁ, àmì ohùn tó wà lórí Ọ̀ kì í sábà bá lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú fọ́ǹtì. Ó dá dúró, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì di àwòrán, àmì náà a gba gírédíẹ́ǹtì odindi fún ara rẹ̀, láti òkùnkùn dé ìmọ́lẹ̀, nínú ìwọ̀n tí kò tó èékánná. Lójú gíláàsì kò hàn. Lórí báńà, á dà bí eṣinṣin tó bà sórí orúkọ ẹni ńlá.

Bí a bá fẹ́ kí àwọ̀ parẹ́ sínú fọ́tò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ìpẹ̀kun tó ń parẹ́ jẹ́ àwọ̀ kan náà tí a ti sọ ìfarahàn rẹ̀ di 0%, kì í ṣe funfun, kì í sì í ṣe dúdú, nítorí èyí tí a bá fi sí i, bí kò tilẹ̀ hàn ní ìparí, yóò ti tọ́ àwọ̀ àárín wò kí ó tó lọ.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ní 2013, Apple fọ ọ̀pọ̀ dídán àti òjìji kúrò lójú fóònù rẹ̀, gbogbo ayé sì ń sọ pé gírédíẹ́ǹtì ti kú. Ní 2016, Instagram sọ àmì ara rẹ̀ di àwọ̀ tó ń yọ́ wọnú ara, òkú sì jí. Nítorí náà n kò ní bá akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn lórí ohun tó lòde. Ohun kan ṣoṣo ni n kò ní gbà, ìyẹn àsíá orílẹ̀-èdè tí a fi òjìji àti ìmọ́lẹ̀ kùn lórí ìwé ìkíni October 1. Nígbà tí Taiwo Akinkunmi ya ewé, funfun, ewé ní 1959, ó fi ìlà tó mú gedegbe pín wọn, kò jẹ́ kí ọ̀kan yọ́ sínú èkejì. Kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, gbogbo gírédíẹ́ǹtì ló ń jọ̀lọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó ń fi èyí tínú ń run hàn. Ẹ̀rọ náà kò fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, ọ̀dà mẹ́rin ni: búlúù tó ṣí, pupa aláwọ̀ òdòdó, ìyeyè àti dúdú. Bí a bá mú pupa, tí í ṣe 100 òdòdó àti 100 ìyeyè, lọ sínú dúdú tí kò ní ju 100 ọ̀dà dúdú nìkan, àárín á jẹ́ 50, 50, 50, pupa á ti rọ kí òkùnkùn tó dé. Kí ìpẹ̀kun dúdú náà gbé 100 òdòdó àti 100 ìyeyè dání lábẹ́ dúdú rẹ̀, pupa á sì máa jinlẹ̀ lọ láìṣá.

Àìsàn kejì ni ìlà tó ń hàn nínú àwọ̀. Ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ lè fi lọ láti òfo dé 100% ọ̀dà kan kò ju 256 lọ. Báńà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ jẹ́ mílímítà 2,438, nítorí náà ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní bíi mílímítà mẹ́sàn-án àbọ̀, èyí tí ojú ẹni tó jìnnà lè fojú fò. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán bá fẹ́ ohun tó tutù, tí ó ní kí àwọ̀ lọ láti 30% sí 10% péré, ìdá 20 nínú 100 ti 256 ni ó ní lọ́wọ́, ìyẹn 51. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan á wá fẹ̀ tó mílímítà 48. Ẹni tó gun ọ̀kadà kọjá kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n àlejò tó jókòó síwájú báńà náà ní gbọ̀ngàn ìgbéyàwó fún wákàtí mẹ́rin á rí ìlà gbọọrọ gbọọrọ bí aṣọ òfì tí kò sẹ́ni tó hun ún. CorelDRAW ń jẹ́ kí a gbé iye ìgbésẹ̀ dé 999, ṣùgbọ́n gbígbé e ga kò lè bí àwọ̀ tí kò sí. Ohun tó tọ́ ni kí a wò bóyá ẹnì kan ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó lè yára. Lẹ́yìn èyí, kí a fa ìpẹ̀kun méjèèjì jìnnà síra, tàbí kí a ké ibi tí àwọ̀ ti ń yí kúrú, kí apá yòókù dúró ní àwọ̀ kan. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí a sọ ẹ̀yìn àwòrán náà di fọ́tò, kí a sì wọ́n èérún wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i nínú Photoshop, tí á fọ́ etí àwọn ìlà náà.

Iṣẹ́ ṣíṣe. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya báńà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin fún ayẹyẹ tó bá wù ú, kí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ láti ewé sí búlúù láìsí ẹrẹ̀ àti láìsí àlejò láàárín, kí orúkọ tó ní Ọ̀ tàbí Ẹ́ nínú wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú wúrà tó ń ṣàn láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Kí ó kọ nọ́ńbà ojúkò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ó ṣírò bí ìgbésẹ̀ kan yóò ti fẹ̀ tó ní mílímítà, kí ó sì tẹ ẹsẹ̀ bàtà kan péré nínú rẹ̀ jáde, ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, láti ibi tí àwọ̀ ti ń yí, kí ó tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.